Bàbá Ìbejì Tún Bí Ìbejì

Mo ti sọ fún Bàbá Ìbejì pé màá kọ ọ́. Ó ní kí n máa kọ ọ́ lọ, pé ta ni yóò gbà mí gbọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi gbà á gbọ́, torí ìṣojú mi ló ṣe, mo sì jẹ ìrẹsì nídìí ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi yìí ń gbé ní Thamesmead, lápá gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó jẹ́ pé bí ẹ bá ju òkò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, gèlè ló máa bà. Ọlọ́run fún un ní ìbejì, Táyé àti Kẹ́hìndé, wọ́n ti pé ọmọ ọdún 13. Ọlọ́run tún fún un ní yàrá kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èyí tó ń pè ní ọ́fíìsì, tí Ìyá Ìbejì ń pè ní "inú ibẹ̀ yẹn." Inú ibẹ̀ yẹn ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lórí tábìlì. Sípíkà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dúdú, kékeré, wáyà kan so wọ́n pọ̀, wáyà kan wọ ìdí kọ̀ǹpútà. Ọdún 11 gbáko ni wọ́n fi sìn ín. Wọn ò béèrè páásíwọ́ọ̀dù rí. Wọn ò ní kó tẹ "mo gbà" sábẹ́ ìwé àdéhùn kankan rí. Bó bá ti tan kọ̀ǹpútà, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ ni wáyà.

Lọ́jọ́ kan, ó jókòó, ó wo wáyà yẹn títí, ó ní ojú ń ti òun. Ó ní ayé ti kúrò níbẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ ò ní wáyà kankan lórí tábìlì. Mo wo yàrá náà yíká: wáyà iná kọ̀ǹpútà, wáyà fóònù, wáyà fáànù, wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò tẹ ìwé kankan láti ìgbà Kòrónà. Mo ka mẹ́sàn-án. Méjì tó ń ṣiṣẹ́ gidi nínú wọn ni ojú rẹ̀ ò gbà.

Báyìí ló ṣe lọ ra sípíkà ọlọ́gbọ́n.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn o, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Sípíkà ọlọ́gbọ́n ni èyí tó ń gba Wi-Fi, tó ń gbọ́ èdè, tí ẹ lè bi bóyá òjò máa rọ̀, tí ẹ lè ní kó bá yín ṣọ́ ẹyin tó wà lórí iná. Ilé-iṣẹ́ wo ló ṣe tirẹ̀? Mi ò ní dárúkọ wọn. Lọ́yà wọn pọ̀ ju ìbejì Ìgbó-Ọrà lọ. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ó ra méjì, torí ẹnì kan sọ fún un pé bí èèyàn bá gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, á máa gbọ́ sítẹ́ríò bíi pé Sunny Adé gbé àga jókòó síwájú rẹ̀. Ó pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, ó ń san án lóṣooṣù. Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, o san owó orí Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀kan náà, o wá ń san ti sípíkà díẹ̀díẹ̀?" Ó ní owó orí Ìyá Ìbejì ò tó bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Obìnrin náà wà lórí àtẹ̀gùn. Ó gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Nígbà tó tú wọn nínú páálí, mo wò wọ́n. Wọ́n rí roboto, bíi mọ́ínmọ́ín inú agolo tí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ fún. Ó gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n wá ihò tí wáyà ń gbà wọlé lára rẹ̀. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mo wá a tì. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ọgbọ́n nìyẹn. Ó kù díẹ̀ kí n kí i kú oríire, ni mo bá rí okùn kan tó ń jáde nídìí mọ́ínmọ́ín náà. Wáyà iná ni. Ìkejì náà ní tirẹ̀. Ihò iná ara ògiri ò wá tó mọ́, Bàbá Ìbejì bá jáde lọ ra ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n. Wáyà kẹta. Bí ẹ bá ń bá mi ṣírò bọ̀, ọkùnrin tó ń sá fún wáyà méjì ti ní mẹ́ta báyìí, orin kankan ò sì tíì dún.

Kí n má parọ́ mọ́ gbogbo wọn, àwọn kan ní ihò nínú irú wọn. Echo Dot ti Amazon ní ihò tẹ́lẹ̀, àmọ́ ihò àbájáde ni: ohùn lè gba ibẹ̀ jáde lọ sínú sípíkà mìíràn, kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tó di 2022, èyí tí wọ́n gbé jáde ò tiẹ̀ ní ihò náà mọ́. Sonos Five, tó ń gba Wi-Fi àmọ́ tí kò ní etí tó fi ń gbọ́ èdè, ní ihò àbáwọlé gidi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ti wáyà bọ inú rẹ̀ ti padà síbi tí à ń sá kúrò.

Ìsọmọlórúkọ ló kàn. Ètò orí fóònù bi í pé kí ni kí òun máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn á kọ "ọ̀tún," á kọ "òsì." Bàbá Ìbejì kọ Táyé, ó kọ Kẹ́hìndé. Mo ní ṣé kí n lọ ra oyin àti iyọ̀ wá. Kò dá mi lóhùn. Ó dúró sí àárín yàrá, ó fi ohùn olóyè pàṣẹ pé kí Kẹ́hìndé kọrin. Orin ni mò ń retí. Ẹsẹ̀ ni mo gbọ́ lórí àtẹ̀gùn. Kẹ́hìndé ọmọ rẹ̀ yọjú, ó ní ṣé òun ni Daddy ń pè. Ó ní kó máa lọ. Ó pe Táyé. Ọmọ kejì náà dé. Sípíkà ò sọ nǹkan kan, iná kékeré orí rẹ̀ ṣáà ń yí bí ojú ọmọ tí wọ́n bi ní ìṣirò.

Ká sọ tòótọ́, nínú àwọn ohùn tó máa ń dáhùn nínú irú sípíkà yìí, Siri ti Apple ò gbọ́ Yorùbá, Alexa ti Amazon ò gbọ́ Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wọ kóòtù fún ahọ́n rẹ̀. Ọdún 17 tí Bàbá Ìbejì ti lò nílùú yìí, ahọ́n rẹ̀ ò tíì bọ́ agbádá. Ó pe Kẹ́hìndé pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn tó tọ́ sí i, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ìbàdàn. Sípíkà ní òun ò rí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Ọmọ náà, tí kò tíì lọ, bá tẹ̀ síwájú, ó ní, "Kenny." Lẹ́ẹ̀kan péré. Sípíkà dáhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà. Mo rí ojú bàbá ọmọ. Màlúù tó pa níjọ́ ìkómọ, páànù ìrẹsì 12 tí wọ́n sè, gbọ̀ngàn tó háyà, gbogbo ẹ̀ kọjá lójú rẹ̀ bí ọkọ̀ òkú.

Títí di ìgbà yìí, fóònù ṣì là ń bá fà á. Kọ̀ǹpútà ò tíì dá sí i. Ó tiẹ̀ kọ́kọ́ ní òun ò rí sípíkà kankan. A wá a títí, a fi rí i pé kọ̀ǹpútà wà lórí Wi-Fi ìsàlẹ̀, àwọn sípíkà wà lórí Wi-Fi ẹ̀rọ kékeré tó rà láti fi fa íntánẹ́ẹ̀tì dé òkè, orúkọ tó sì fún ìyẹn yàtọ̀. Ojúlé kan náà, àdúgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà, àìrìnpọ̀ Wi-Fi ló jẹ ọ̀rẹ́ mi níyà ní wákàtí méjì gbáko. Èmi náà ò mọ́ nínú ẹ̀ o. Èmi ni mo ní kó pa gbogbo nǹkan, kó tún tan án. Ó pa Wi-Fi, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ iléèwé nísàlẹ̀ figbe ta, àwọn ọlọ́gbọ́n méjì orí tábìlì sì di òkúta. Ìgbà yẹn ló hàn sí mi pé ọgbọ́n wọn ò sí nínú wọn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kó o pa mọ́ sí; bí ẹ bá pa Wi-Fi, òmùgọ̀ méjì tó wọ ìbọ̀sẹ̀ ló kù.

Nígbà tí gbogbo wọn wá bọ́ sí àdúgbò kan, orúkọ méjì yọ lójú kọ̀ǹpútà. Táyé. Kẹ́hìndé. Ó tẹ Táyé, orin bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ kan, Kẹ́hìndé dijú. Ó tẹ Kẹ́hìndé, Táyé pa ẹnu dé. Ó sáré tẹ Táyé, ó sáré tẹ Kẹ́hìndé, bóyá ó rò pé bí ìka òun bá yá tó, kọ̀ǹpútà ò ní fura. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà máa ń gbé ohùn lé lọ́wọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, àfi kí àwọn méjèèjì ti di ọ̀kan kí wọ́n tó wá síwájú rẹ̀, kí orúkọ wọn jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ wo ọkùnrin tó ti tọ́ ìbejì fún ọdún 13, tó mọ̀ pé bàtà tí o bá rà fún Táyé lo gbọ́dọ̀ rà fún Kẹ́hìndé lọ́jọ́ kan náà, òun ló wá ń fún ọ̀kan lóúnjẹ tí ìkejì ń wò.

Ó ní ká lo Bluetooth.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọba kan fún yín. Ọba Denmark ni, ní ọ̀rúndún kẹwàá. Harald lorúkọ rẹ̀, Eyín-Aró ni ìnagijẹ rẹ̀. Ó kó Denmark jọ sábẹ́ àṣẹ kan, ó tún na ọwọ́ dé Norway. Ní 1997, Jim Kardach, ẹnjiníà kan ní Intel, dá a lábàá pé kí wọ́n fi ìnagijẹ ọba yìí pe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, èyí tó máa jẹ́ kí fóònù àti kọ̀ǹpútà máa bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Àmì tó dà bíi B lórí fóònù yín, lẹ́tà àtijọ́ méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àti ìnagijẹ rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ọba tó so ilẹ̀ pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Ó dé Thamesmead, kò lè so mọ́ínmọ́ín méjì pọ̀.

Ọ̀kan ṣáà dún. Ó dún fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ni Ìyá Ìbejì bá gbé àwo ọbẹ̀ sínú microwave ní ilé ìdáná tó wà lábẹ́ yàrá náà gan-an. Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Mi ò fi ṣàwàdà o: Bluetooth àti microwave, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń rìn nínú afẹ́fẹ́, nítòsí 2.4 GHz, ọ̀pọ̀ Wi-Fi náà sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Títì Ọ̀jọ́ta láàárọ̀ Mọ́ńdè. Bàbá Ìbejì sọ orí sísàlẹ̀, ó ké pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ yẹn jàre, orin ń já. Ìyá Ìbejì fara balẹ̀ dáhùn pé, "Ẹ ní kí sípíkà yín gbé ọbẹ̀ kaná fún yín." Nígbà tí oúnjẹ wá dé, ẹran mẹ́ta ló wà nínú àwo mi. Ẹyọ kan ló wà nínú ti ọ̀rẹ́ mi. Ó wo àwo mi, ó wo tirẹ̀, ó gbójú sókè. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ó ku méjì. Mo ti pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹ óò máa gbà á lóṣooṣù."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ọ pé kó kó àwọn méjèèjì sí ẹgbẹ́ kan lórí ètò fóònù, pé wọ́n á jọ máa dún. Wọ́n sì jọ dún. Ó fi fóònù pè mí, ó ń pariwo sítẹ́ríò! sítẹ́ríò! Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ. Mo jókòó, mo tẹ́tí. Ìyáàlù ń jáde lẹ́nu méjèèjì. Gúdúgúdú ń jáde lẹ́nu méjèèjì. Ohun tí Táyé bá wí ni Kẹ́hìndé ń wí, bí ọlọ́pàá méjì tó ń jẹ́rìí sí ẹjọ́ kan náà ní kóòtù. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, àkọ́sórí lèyí." Ó bínú, ó ní ṣé sípíkà ò pé méjì ni. Mo ní wọ́n pé méjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni kò pé méjì.

Ẹni tó wà nídìí sítẹ́ríò yìí, nílùú yìí náà ló ti ṣe é. Alan Blumlein ni, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ EMI. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé òun àti Doreen, tó padà fi ṣaya, lọ wo sinimá ní 1931. Òṣèré ń rìn lápá ibí, ohùn rẹ̀ ń jáde lápá ọ̀hún. Ẹlòmíràn á di ọmọge lọ́wọ́ mú, á gbàgbé sinimá. Blumlein ní òun mọ ọ̀nà tí ohùn á fi máa tẹ̀lé ẹni tó ni ín. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ọmọ ọdún 28 sì ni. Ní 1935, wọ́n ya fíìmù reluwé tó ń kọjá ní ibùdókọ̀ Hayes: bí reluwé bá ti òsì bọ̀, ohùn rẹ̀ á ti òsì bọ̀, á gba iwájú yín kọjá, á bọ́ sọ́tùn-ún. Gbogbo ẹ̀ ò ju pé etí wa jẹ́ méjì lọ. Ohùn tó bá ti ọ̀tún wá ń kan etí ọ̀tún ṣáájú òsì; ìyàtọ̀ àárín wọn ò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, síbẹ̀ ọpọlọ ń mú un. Nítorí náà, kí ọ̀tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí òsì ní tirẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibùdókọ̀ Abbey Wood, tó wà lẹ́bàá ilé Bàbá Ìbejì, reluwé Elizabeth line ń ti ibẹ̀ lọ sí Hayes tààrà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Blumlein, reluwé kan ṣoṣo ni.

Nígbà tó wá sú wa pátápátá, Táyé ọmọ rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó wo ètò náà, ó tẹ ibì kan, ó tẹ ibì kejì. Ètò náà bi í pé kí méjèèjì di ìbejì bí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í pé èwo lòsì? Ó fi hàn án. Kò lò tó ìṣẹ́jú méjì. Àwa àgbà dákẹ́. Nígbà tí Bàbá Ìbejì ṣí kọ̀ǹpútà, orúkọ ti di ẹyọ kan. Ó rí i pé ọmọ ti gba iyì lọ́wọ́ òun, ni òun náà bá fẹ́ fi ọwọ́ kan nǹkan: ó gbé ọ̀kan sórí wọ́dúróòbù, ó ní ohùn á máa ti òkè wá. Mo ní sítẹ́ríò kì í ṣe òjò. Ibi tí wọ́n máa ń gbé wọn sí ni iwájú ẹni, ní ìwọ̀n etí, kí àárín àwọn méjèèjì jìnnà tó bí orí rẹ ṣe jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àdògán olókùúta mẹ́ta tó dúró déédéé, tí orí rẹ jẹ́ òkúta kẹta. Ó ní orí òun kì í ṣe òkúta. Mi ò fèsì. Ìyá Ìbejì ló rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ni ojú rẹ̀ rí màbo. HomePod, sípíkà ọlọ́gbọ́n ti Apple, jáde ní oṣù Kejì 2018; ó di oṣù Karùn-ún kí méjì nínú rẹ̀ tó lè di ìbejì. Kọ̀ǹpútà Mac ńkọ́? Ó di oṣù Kẹrin 2021, nígbà tí macOS 11.3 dé, kí Mac tó gbà kí ìbejì náà jẹ́ ẹnu tí gbogbo ohùn rẹ̀ á máa gbà jáde. Sípíkà àti kọ̀ǹpútà, ọmọ bàbá kan náà o, ọdún mẹ́ta ni wọn ò fi mọ ara wọn. Oṣù kan ṣáájú kí wọ́n tó mọ ara wọn dáadáa, Apple ti kéde pé àwọn ò ní ṣe HomePod ńlá ti àkọ́kọ́ mọ́. Ọbẹ̀ jiná, àlejò ti ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe olóòótọ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá di ọ̀kan, tí a gbé wọn síbi tó yẹ, tí Bàbá Ìbejì fi jùjú sí i, ó dùn. Gìtá wà lápá kan, sẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lápá kejì, ohùn akọrin wá dúró sí àárín gbùngbùn níbi tí kò sí sípíkà kankan. Mo na ọwọ́ síbẹ̀, afẹ́fẹ́ ni. Mo fẹ́ wá àléébù, n ò rí. Ó dùn mí pé n ò rí.

Ọlọ́run ò kọ̀ mí sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni Bàbá Ìbejì fi fíìmù Yorùbá sí i.

Ìyá ọkọ ni, ìyàwó ni, ọ̀rọ̀ ti le. Ìyá ọkọ gbé ọwọ́ sókè, ó fi gbá ìyàwó létí. A ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyàwó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, omijé ti ń bọ́, ó la ẹnu kó figbe ta, ìgbà yẹn gan-an ni ìgbájú dé: gbòà! Ó ṣe bíi pé ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Nígbà tí ẹkún wá dé, ìyá ọkọ ló ti bọ́ sójú àwòrán, ó jókòó, ó ń mu omi, ó ń fi ohùn ìyàwó sunkún sínú ife. Kò sẹ́ni tó lè dá ẹ̀rín dúró, àyàfi ẹni tó ń san owó.

Èyí kì í ṣe àìsàn sípíkà, ìwà rẹ̀ ni. Wi-Fi kì í ṣeé fọkàn tán, ó lè dá ohùn dúró lọ́nà nígbàkigbà. Torí náà ni sípíkà ṣe máa ń kọ́kọ́ pọn ohùn sínú ìkòkò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú, kí orin má baà já bí odò bá gbẹ. Ìkòkò AirPlay ti àtijọ́, ètò tí Apple fi ń gbé ohùn lórí Wi-Fi, gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Fún orin, kò sí wàhálà. Ta ló mọ ìgbà tó yẹ kí orin bẹ̀rẹ̀? Àwọn ètò mìíràn gbọ́n débi pé wọ́n ń dá àwòrán dúró de ohùn. Èyí tí ọ̀rẹ́ mi ń lò ò gbọ́n. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: ohùn ń rìn nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá Bàbá Ìbejì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró sí mítà 680, lẹ́yìn odò, tó ń ké wá. Ọmọ rẹ̀ fi gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà, ó gbá a wọlé, ó ti yọ̀ tán, wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù sí àárín, kí ariwo èrò tó dé.

Bó bá mọ ní fíìmù ni, ì bá dáa. Ìpàdé ẹgbẹ́ wa lórí Zoom ló tú àṣírí síta. Alága gbàdúrà fún wa. Ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ibi, gbogbo wa ní àmín. Ó ní ayọ̀ ló máa kárí ilé wa, gbogbo wa ní àmín. Alága ò wá mí rárá, ó bọ́ sí ìkéde, ó ní bàbá ìyàwó akápò wa jáde láyé láàárọ̀ àná. Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni àmín Bàbá Ìbejì dé, ti àdúrà ìṣáájú, ó ròkè lálá, ó tún fi "Ó ti ṣẹ!" kún un. Mo rí ojú akápò lórí kọ̀ǹpútà. Mo rí ojú ìyàwó akápò. Bàbá Ìbejì ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ilé, títí ìkéde fi wá dé etí òun náà. Ìgò wáìnì méjì àti páálí màláátà kan ló fi bẹ̀bẹ̀. Ó san ìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí wọ́n ń kó àlòkù sí, ó ń tú ẹrù. Ó ti ní kí Ìyá Ìbejì da sípíkà àtijọ́ nù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Kò dà á nù. Ó fi àkísà aṣọ òkè wé wọn, ó tò wọ́n sínú báàgì ìtajà, ó so ó. Ó fà á lé e lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀, irú àìsọ̀rọ̀ tó burú ju èébú lọ. Wáyà kan láàárín, wáyà kan sídìí kọ̀ǹpútà, ìgbájú fíìmù bá padà sí etí ẹni tí wọ́n gbá.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ńkọ́? Wọ́n ti tú ìbejì náà ká. Táyé wà ní ilé ìdáná, òun ló ń bá Ìyá Ìbejì ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná. Ẹ ò rí i pé oúnjẹ ìbejì ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kẹ́hìndé wà ní balùwẹ̀, ó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí fún ẹni tó ń fọ ẹnu. Bí àlejò bá wá, Bàbá Ìbejì á fa kọ́tìnnì bo ẹ̀yìn tábìlì, á ní kí wọ́n tẹ́tí sí i, pé kò sí wáyà kankan níbẹ̀. Ẹ bá débẹ̀, ẹ má wo ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ẹ má sì sọ pé èmi ni mo sọ.

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tó kọjá, ó tún pè mí. Ó ní òun ti rí ohun tó kù: ohùn ìsàlẹ̀ ò tó. Ó ní òun ti ra ẹ̀kẹta, èyí tó tóbi, tó máa ń jókòó sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa kùn lọ. Wọ́n gbé e dé láàárọ̀, kò tíì gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu láti ìgbà náà, ó sì ti jí aládùúgbò lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Ìdòwú ti dé nìyẹn."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì ni. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè àwọn ọmọ. Ó wá ní, "Ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín, pé bí Àlàbá bá fi lè wọ ilé yìí, òun ló máa pọ̀n ọ́n."